Ẹnu Tí A Kò Tíì Fọ̀

Ajé, ọjọ́ 5, oṣù kìíní

Ọ̀gá Ìyápọ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, buwọ́ lu ìwé mi lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé e lọ bá wọn nìyẹn. Obìnrin méjìlá, àti ẹni méjìlá tó jẹun láti ẹnu wọn: bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò tó ń gbé lára eyín ìyá máa ń bá iṣu tí ìyá jẹ kúnná wọ ẹnu ọmọ. Streptococcus mutans ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Èmi ti sọ ọ́ di Mútáǹsì, torí a ó jọ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀gá ní, "Kí o parí ẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé o. Báwọn èèyàn bá ti ń gbààwẹ̀, ẹnu wọn kì í ṣe ẹnu ojoojúmọ́ mọ́. Bí o ò bá rí i ṣe, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀! Àwọn tá a jọ wọlé ti di àgùnbánirọ̀, wọ́n ń fi fọ́tò aṣọ kàkí ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èmi ni àìsàn dá dúró lọ́dún tó kọjá. Mi ò fẹ́ gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀" mọ́ láyé mi.

Ọyẹ́ mú. Ètè mi ti là, mo fi òrí pa á.

Ọjọ́rú, 7

Mo yí àdúgbò ká láti wá àwọn tó máa fún mi ní itọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá Kàdírì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wò mí látòkè délẹ̀.

"Sodiqat, itọ́ kẹ̀? Èékánná ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ ìyẹn náà?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá Àgbà dìde lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi gan-an, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ṣì máa ń bẹ̀rù ìdìde yẹn.

"Ẹnu mi yìí ni mo fi bọ́ ọmọ yẹn dàgbà," ó wí. "Bó bá fẹ́ fi itọ́ ṣe nǹkan burúkú, tèmi tó wà nítòsí ló máa kọ́kọ́ lò."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rí obìnrin méjìlá, tọmọtọmọ. Èmi àti Ìyá Àgbà náà fọwọ́ sí ìwé, bóyá n ó fẹ́ fi itọ́ tiwa dán nǹkan wò.

Àlàmísì, 8

Ìjà díẹ̀ nídìí ẹ̀kọ àárọ̀. Eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Ìyá Àgbà, lápá òsì nísàlẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ: Aṣẹ́kù. Ó ní kòkòrò ló jẹ àwọn tó kù, àti pé ojú òun báyìí ni obìnrin kan ṣe yọ àwọn kòkòrò náà nígbà kan, funfun, wọ́n ń yíra.

Mo ní, "Ìyá, kò sí ìdin nínú eyín. Obìnrin yẹn ló fi wọ́n pamọ́ sínú ewé wá. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ kéré débi pé bí ẹgbẹ̀rún ẹ̀ bá tò sórí abẹ́rẹ́, ojú yín ò ní rí i. Ṣúgà ló ń jẹ. Ó máa ń fi ṣúgà ṣe oje tó ń lẹ̀ mọ́ eyín bí àtè, á wá jókòó síbẹ̀ máa tọ omi kíkan sí eyín lára, títí eyín á fi lu."

"Ṣé ó lẹ́sẹ̀?"

"Kò lẹ́sẹ̀."

"Ojú ńkọ́?"

"Kò lójú."

"Báwo ló ṣe wá ń mọ ibi tí eyín wà, Àjíkẹ́?"

Òun nìkan ló ń fi oríkì pè mí, pàápàá bó bá mọ̀ pé òun ti mú mi. Mo mu ẹ̀kọ mi. Ìbéèrè gidi ni.

Sátidé, 10

Mo se oúnjẹ Mútáǹsì ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé. Ágà ni wọ́n ń pè é; ó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, ṣúgà inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé èèrà ti tò wá sẹ́nu ọ̀nà. A fi oògùn kan sí i tó ń pa àwọn kòkòrò mìíràn, ṣùgbọ́n tí kì í ran Mútáǹsì.

Iná wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́ ò lè mú ẹ̀rọ tó yẹ kí kòkòrò hù sí móoru, nítorí náà mo yá kúlà tí Ìyá Kàdírì fi ń ta omi tútù. Mo to àwọn àwo sínú garawa onídèérí láti dán an wò, mo tan àbẹ́là sáàárín wọn, mo dé e. Bí àbẹ́là bá jó títí tó fi kú fúnra rẹ̀, irú afẹ́fẹ́ tí Mútáǹsì fẹ́ ló kù sínú garawa nìyẹn. Mo gbé e sínú kúlà, mo to ìgò omi gbígbóná yí i ká. Tẹmómítà ní mẹ́tàdínlógójì. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Àbẹ́là ti di igba náírà. Àbẹ́là!

Ajé, 12

Àwọn ìyá méjèèjìlá gbé ìgò itọ́ wọn wá láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi nu ẹnu ọmọ wọn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn: itọ́ àkọ́jí, kí omi tàbí nǹkan kan tó kan ẹnu. Ilé wa kún bí ilé ìkómọ. Bí ẹnì kan ti ń kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà ni òmíràn ń dìde, Ìyá Àgbà sì ń béèrè ọkọ, oko, orí fífọ́, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ọkàn mi balẹ̀. Ó rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́rú, 14

Mo ṣí garawa. Àwo àwọn ọmọ kún fún kókó kéékèèké aláwọ̀ aró, wọ́n le, wọ́n lẹ̀ mọ́ ágà, orí abẹ́rẹ́ ò lè ṣí wọn nípò wọ́ọ́rọ́wọ́. Mútáǹsì! Mo fò sókè. Ti ọmọ Fàtímọ̀, ọ̀kan lára àwọn ìyá náà, nìkan ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, torí ọmọ oṣù mẹ́jọ yẹn ò tíì hu eyín. Mútáǹsì kì í dúró níbi tí kò bá ti sí eyín tó máa lẹ̀ mọ́.

Mo wá ṣí ti àwọn ìyá. Òfìfo. Ìyá méjìlá, kókó mẹ́ta péré láàárín gbogbo wọn.

Jímọ̀, 16

Ọ̀gá Ìyápọ̀ wo àwọn àwo náà, wọ́n wò mí.

"Àwọn ọmọ ní i, àwọn ìyá ò ní. Ṣé ọmọ ló wá bí ìyá ni?"

Wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe.

Àlàmísì, 22

Mo tún un ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bákan náà ló rí. Mo pààrọ̀ ágà, mo pààrọ̀ ìgò, mo fura sí àbẹ́là, mo fura sí kúlà. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ti lọ, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Mo sunkún díẹ̀ ní ilé ìdáná. Ìyá Àgbà wọlé, ó gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ wá ó sì jókòó tì mí, ó ń bó o. Nígbà tó ṣe, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Sátidé, 24

Ó yé mi! Ó yé mi o! Kí n tètè kọ ọ́.

Mò ń gbá iwájú ilé láàárọ̀ yìí nígbà tí Ìyá Kàdírì jáde, orín àtà lẹ́nu. Mo kí i. Ó juwọ́ sí mi pé kí n dúró ná. Ó fi orín fọ ẹnu lókè, ó fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, ó fi omi yọ ọ́, ó tu ú dànù, ó nu ètè, kó tó wá sọ pé:

"O jíire, Sodiqat. Má bínú, ẹnu mi ò tíì mọ́ ni."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ gbé itọ́ wá, ṣé ẹ ti fọ ẹnu?"

Ó wò mí bíi pé mo bú u. "Kí lo rò? Ṣé kí n gbé ẹnu àìfọ̀ wá síwájú Ìyá Àgbà ni? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa nìyẹn?"

"Ṣùgbọ́n mo ní itọ́ àkọ́jí!"

"O sọ bẹ́ẹ̀. O tún ní ká gbé e wá. Ẹni tó bá sì wá sílé yín gbọ́dọ̀ kí wọn. Mo ṣáà rò pé ìyẹn ti yé ẹ."

Mo sáré yí gbogbo ilé méjèèjìlá ká. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹlòmíràn lo orín àtà, ẹlòmíràn lo orín ìdí, ẹlòmíràn lo ọṣẹ ìfọyín. Fàtímọ̀ tiẹ̀ fi omi iyọ̀ gbígbóná kún un nítorí ọ̀wọ̀. Wọ́n fọ ẹnu mọ́ tónítóní kí wọ́n tó tu itọ́ fún mi. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ ìkíni ni ẹnikẹ́ni ò fọ ẹnu fún, òun ni Mútáǹsì tiwọn fi yè. Orín àtà tó ń ta ahọ́n èèyàn báyẹn, kòkòrò wo ló máa dúró dè é?

Ìyá Àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ti ń pa kòkòrò mi láti ọjọ́ yìí wá. Àbí èmi gan-an ni? Mo dàgbà nínú ilé yìí, mi ò kí èèyàn rí kí n tó fọ ẹnu, èmi yìí náà ni mo wá gbàgbé.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí Aṣẹ́kù fi ń mì lẹ́nu rẹ̀.

Sọ́ńdè, 25

Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ní kí n gbé àwọn ìgò tẹ̀ lé òun. Ilé kọ̀ọ̀kan ni a yà. Ohun tó sọ nìyí:

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹ káàárọ̀ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá ti lajú, ẹ tu itọ́ sí ìgò yìí kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ọmọ yìí ó wá gbà á. Ẹ má kí i, kò ní kí yín. Ẹni tó bá kí i, èmi ló rí fín."

Misturat, ìyàwó kékeré tó wà nídìí kànga, ojú ń tì í. "Ìyá, ṣé ẹ ti dárí jì wá ṣáájú?"

"Mo ti dárí jì yín."

Ìṣẹ́gun, 27

Aago márùn-ún ìdájí. Ọyẹ́ bo ọ̀nà débi pé tọ́ọ̀ṣì mi ò ríran kọjá ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Mo ń ti ilé dé ilé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí, ọwọ́ á yọ, ìgò á bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn á padé. Mi ò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀ láti má kí èèyàn. Orúnkún mi ń kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Fàtímọ̀ ò lè wo ojú mi. Ìyá Kàdírì fi ìborùn bo ẹnu, gbogbo èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín, èmi náà sì sá kúrò níbẹ̀ kí n má baà bú sẹ́rìn-ín.

Ìgò mọ́kànlá. Ilé Misturat wà ní títì pa. Obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri nawọ́ sí ọ̀nà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó mi orí. Ìgbà tí a kírun tán tí ẹnu rẹ̀ mọ́ ni mo tó gbọ́ pé ìyá ọkọ Misturat ń ṣàìsàn ní Òkàká, wọ́n wá gbé Misturat lọ tọ́jú rẹ̀ lánàá, kò sì ní padà títí dìgbà ọdún ìtúnu.

Àlàmísì, 29

Alihamdulilahi. Àwo mọ́kànlá, gbogbo wọn ló hù! Mo kàn ń ṣí wọn, mò ń dé wọn, mo tún ń ṣí wọn.

Mo gbé ọ̀kan wálé fi han Ìyá Àgbà, mo fi téèpù dí i yíká. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Kòkòrò tó ń jẹ eyín ni, Ìyá."

"Ẹn-hẹn! Mo ní kòkòrò wà, o ní kò sí."

"Mo ní kò sí ìdin."

"Kòkòrò ni kòkòrò." Ó ti lọ sọ fún Ìyá Kàdírì pé ilé ìwé ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ òun.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n mu aró elése àlùkò, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Wọ́n lẹ́wà. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni tí eyín ń dùn.

Ajé, 2 oṣù kejì

Inú Ọ̀gá Ìyápọ̀ dùn, ṣùgbọ́n mọ́kànlá kì í ṣe méjìlá. Mo ní bóyá kí n wá ìyá mìíràn àtọmọ rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá máa wọlé báyìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tuntun, ìyẹn sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n tún ìwé mi kà. Wọ́n gbé ojú sókè.

"Ta ló jẹ oúnjẹ fún ìwọ?"

"Ìyá Àgbà mi, sà. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo wà nígbà tí màámi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn."

"'Obìnrin, àti ẹni tó jẹun láti ẹnu rẹ̀.' Ṣé o kọ iye ọdún síbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Èmi náà ò rí i níbẹ̀. Ìwọ àti wọn sì ti fọwọ́ sí ìwé látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ó fi itọ́ yín dán ágà wò. Kọ ọ́ gbangba pé àgbà ni ẹ̀yin méjèèjì, kí o má fi nǹkan kan pamọ́. Ṣé wọ́n ṣì léyín?"

"Ọ̀kan, sà."

"Ọ̀kan ti tó."

Ìṣẹ́gun, 3

Oògùn ágà ti tán. Ìbàdàn ni tuntun ti ń bọ̀, ó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aṣẹ́kù sì ti ń mì láti ọjọ́ ẹ̀rín yẹn. Nọ́ọ̀sì tó wò ó lóṣù tó kọjá sọ pé ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni kí Ìyá Àgbà wá kí wọ́n yọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé bí Aṣẹ́kù bá lọ, Mútáǹsì ò níbi dúró lẹ́nu rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ mi á sì di ọdún tó ń bọ̀. Mo tún sọ pé bó bá ń dùn ún, kó lọ yọ ọ́, mi ò ní bínú.

Ó fi ahọ́n kàn án wò. "Kò lọ sí ibì kankan."

Sátidé, 7

Ẹ̀kọ, ọ̀gì, ẹ̀kọ. Ó ti fi ẹran sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu lílà mọ́, ó ń fi imú rẹ́rìn-ín. Ìyá Kàdírì ń dẹ́rìn-ín pa á mọ̀ọ́mọ̀, mo sì lé e jáde.

Ajé, 9

Aṣẹ́kù ṣì wà.

Àlàmísì, 12

Oògùn dé lánàá. Mo se ágà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láàárọ̀ yìí, mo lajú, Ìyá Àgbà ti jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ ní ìhà kejì yàrá, ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà láyé, mi ò jí rí nínú yàrá yìí kí n má kọ́kọ́ jáde lọ fọ ẹnu, kí n lè wí pé ẹ káàárọ̀ Ìyá. A kàn ń wo ara wa. Ó tu itọ́ sí tirẹ̀, èmi náà tu sí tèmi. Ó la ẹnu, mo fi òwú nu Aṣẹ́kù yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi. Ẹnu kan náà tí iṣu mi ti ń wá nígbà tí mi ò tíì léyín tó pọ̀.

Mo dé ìgò. A jáde lọ fọ ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ kí i. Mo kí i pẹ́.

Sátidé, 14

Méjèèjì hù. Tirẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ. Mi ò lè búra pé ìdílé kan ni wọ́n, irú ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn ò sí lọ́dọ̀ wa, mo sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n mo to àwo méjèèjì síwájú mi, mo wò wọ́n títí omi ìgò inú kúlà fi tutù. Inú mi dùn gan-an ni.

Ìṣẹ́gun, 17

Ọ̀gá Ìyápọ̀ ti buwọ́ lù ú. Ó ti parí! Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì tún un sọ. Mo ra àkàrà bọ̀ fún gbogbo ilé méjìlá, mo fi ti Misturat fún aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n ti rí oṣù nírọ̀lẹ́ yìí, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Mo ní kí Ìyá Àgbà jẹ́ ká lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún.

Jímọ̀, 20

A ń ṣínu nírọ̀lẹ́ yìí. Ìyá Àgbà fi dàbínù kan sẹ́nu, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Dàbínù kan, kóró méjì. Ìkejì ni Aṣẹ́kù.

Kò tiẹ̀ dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu lílà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní kí n bá òun jù ú sórí páànù bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé, kí tuntun lè hù. Mo jù ú. Ó dún kó, kò sì bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a jókòó, ó ní, "Àwọn kòkòrò yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bá a lọ?"

"Wọ́n máa kúrò lẹ́nu yín díẹ̀díẹ̀, Ìyá. Wọn ò nílé mọ́ níbẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wá ń gbé?"

"Wọ́n wà lẹ́nu mi."

Ó ronú sí i. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, bí ẹni ń wò ó bóyá wọ́n wà ní àlàáfíà.

Mo mú orín kí n tó lọ kírun. Mo fọ ẹnu díẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́ mọ́ tán.